Ẹ̀kọ́ Kọ́ Ló Ń Lé Òṣìṣẹ́ Lọ

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní Baṣọ̀run, Bódìjà àti gbogbo Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ti gbà gbọ́: “Bí mo bá kọ́ wọn, wọ́n á jápa.” Irọ́ ni, ó sì ń ba iṣẹ́ yín jẹ́.

Ẹ wo télọ̀ àdúgbò yín. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gba fírídọ́ọ̀mù, ó ń lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kì í ṣófo. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ dáadáa ni òbí ń mú ọmọ lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pàápàá, ẹ̀kọ́ ló bá wọ̀lú. Ní 1963, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Oníṣòwò ni wọ́n: ta ni yóò ra ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò?

Ẹ óò ní, “Andela ńkọ́?” Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 yìí, tó ń sanwó fún ọ̀dọ́ nígbà náà bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́, dá nǹkan bí 400 nínú wọn dúró ní 2019. Wọn kò sá lọ o. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà ń wá jù. Bí gbogbo ọ̀gá bá ń wá ẹni tó ti mọṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ni, níbo ni yóò ti wá?

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ lọ ni pé ọdún yípo, ìmọ̀ wọn kò lé. Ẹni tó sì dúró ń gbé kóòdù tí a kò dán wò jáde. Kóòdù bẹ́ẹ̀ lè yọ owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, kí oníbàárà bínú lọ.

Ẹ ní kò sówó? Òfin ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti wà láti 1971. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ń san 1% owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dún. Ẹni tó bá kọ́ wọn bí òfin ṣe là á kalẹ̀ lè gbà tó ìdajì padà. Ẹ lọ béèrè owó yín.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ẹ̀kọ́, láàárín àkókò iṣẹ́, lórí dátà ilé-iṣẹ́; kí àgbà òṣìṣẹ́ máa ka kóòdù ọmọ iṣẹ́ kó tó jáde, kó sì ṣàlàyé àṣìṣe rẹ̀ fún un; kí ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.