Kí ẹ tó ní àìsàn eku ọ̀sìn yín le sí i, ẹ wo oògùn rẹ̀

Eku ọ̀sìn tó ń ṣàìsàn nílùú Kumasi, ní Ghana, kò lè fẹnu sọ pé oògùn kò bá òun lára mu. Ìwà rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Prednisolone lè mú kó máa mu omi lámujù, kó sì máa tọ̀ léraléra. Ẹni tó ń sìn ín lè rò pé àìsàn ló le sí i, kó fi kún oògùn tàbí kó dá a dúró lójijì. Méjèèjì léwu.

Láti ọdún 1943 làwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé penicillin tó ń wo èèyàn sàn lè pa guinea pig.

Kumasi ò ṣaláìní onímọ̀: Yunifásítì KNUST ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko. Ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti àyípadà ìwà sílẹ̀ fún dókítà ẹranko. Ẹ má dédé fún eku ní oògùn èèyàn.