Okùn àti Ọkọ̀ fún Àdúgbò Alímọ̀ṣọ́

Ọdọọdún tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi l'Ékòó, ọ̀rọ̀ tó máa ń gba ẹnu wa ni "omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù". A ti fi ń ṣàwàdà débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹni tí omi bá ká mọ́ yàrá kì í rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá àwọn tó ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò sọ. Aládùúgbò ẹni ló máa ń kọ́kọ́ fa ènìyàn yọ nínú omi, nítorí náà ó yẹ kí ohun tí yóò fi ṣe é ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí omi tó dé.

Ẹ wo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, wọ́n ṣí omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, odò Ògùn kún àkúnya, omi sì bo ilé àti títì níbẹ̀ àti ní àwọn àdúgbò tó yí i ká. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń jáde nílé, òun náà ni wọ́n fi ń kó ẹrù. Ìdí tó fi ṣeé ṣe kò fara sin: Agbóyì tó wà lórí omi kò jìnnà síbẹ̀, ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tù sì wà. Bákan náà ló rí ní Houston, ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ṣe ilé ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjì Harvey jà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, apá ìjọba kò ká a mọ́, ni Ed Emmett tó jẹ́ olórí ìjọba ìbílẹ̀ Harris bá ké sí ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi pé kó gbé e jáde wá ran aládùúgbò lọ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ wọ́ ọkọ̀ tiwọn wá láti Louisiana, àwọn tí wọ́n ń pè ní Cajun Navy láti ìgbà ìjì Katrina ọdún 2005. Ìfẹ́ ọmọnìkejì pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kì í léfòó. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ọkọ̀ wà.

Ìfẹ́ yẹn kò wọ́n wa ní Alímọ̀ṣọ́. Ohun tó wọ́n ni irinṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ aládùúgbò rẹ̀ là níhìn-ín, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wọ omi tí kò jẹ́ kó rí gọ́tà tí kò ní ìdérí tàbí wáyà iná tó já. Ẹlòmíràn á ní a kì í ṣe ará etí ọ̀sà, kí la fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Kí ó rántí Òkè-Àfà, tí kò jìnnà sí Ìkòtún. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tó ń sá àsálà kó sínú kánáàlì níbẹ̀, nítorí koríko orí omi jẹ́ kó dà bí ilẹ̀. Omi ló pa wọ́n, kì í ṣe bọ́ǹbù. Síbẹ̀, mo gbà pé àgbàrá tiwa yàtọ̀ sí ti Ajégúnlẹ̀. Tiwọn rọra ń kún, ó sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Tiwa lè dé láàárín wákàtí kan, kó sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nínú omi tó ń sáré bẹ́ẹ̀, okùn tó nípọn tí a so mọ́ òpó tó dúró ṣinṣin ló yẹ kó ṣáájú. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ènìyàn mẹ́rin lè gbé ni kó tẹ̀ lé e nígbà tí omi bá ti rọlẹ̀, fún àwọn àgbàlagbà, aboyún àti aláìsàn tí kò lè rìn.

Àríwísí tó wúwo jù ni pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Iṣẹ́ ìjọba ni, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ọ̀rọ̀ mi yọ ọ́ kúrò lọ́rùn LASEMA, àjọ tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì l'Ékòó, tí nọ́ńbà 767 àti 112 wà fún. Ṣùgbọ́n ènìyàn 1,277,714 ni ìkànìyàn ọdún 2006 kà ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Lónìí, wọ́n ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títì tí omi bò yẹn náà ni ọkọ̀ agbanilà fẹ́ gbà wá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ tètè gbéra, ta ni yóò di ọwọ́ ọmọ mú títí wọn yóò fi dé?

Òmíràn tún wà tí mi ò lè fojú kéré. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ní Ogbaru ní ìpínlẹ̀ Anambra, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó ń sá fún omíyalé dojú dé, ènìyàn 76 sì kú. Ọkọ̀ tí kò bá lófin lè di pósí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kì í ṣe ọjọ́ tí omi dé ni ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ̀ kiri. Kí LASWA, tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, kọ́ ọ̀dọ́ bíi mẹ́wàá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tó wà ní kòtò. Kí wọ́n kọ iye ènìyàn tí ọkọ̀ lè gbà sára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ̀ ọ́ láìwọ ẹ̀wù amúniléfòó. Owó ńkọ́? Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó ń dáwó ra tiransifọ́mà, tó ń sanwó ọlọ́dẹ, tó sì ń ṣe géètì sí ẹnu òpópónà lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀, kí káńsù fi ìyókù kún un. (Géètì yẹn pàápàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tì í pa lóru tí òjò ńlá bá ń rọ̀.)

Ní ti àwọn tó ní kí ẹni tó kọ́lé sójú omi máa jìyà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Kí ìjọba máa la kánáàlì, kí a sì dẹ́kun dída ìdọ̀tí sí gọ́tà. Ṣùgbọ́n ayálégbé kò yan ibi tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó bá wà lórí ilẹ̀ gíga ni mo fẹ́ kí ọkọ̀ àti okùn náà wà. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, kí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń tajà ládùúgbò láti àárọ̀ di alẹ́, torí bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ti wà ní Ìkẹjà tàbí ní Erékùṣù níbi iṣẹ́ wọn.