Kí A Má Wó Àwọn Ilé Ìjọsìn Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́, a sì rí i pé ó tó àkókò láti mú un wá síwájú àwọn òǹkàwé wa. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ilé ìjọsìn àtijọ́ tí ó wà ní àwọn ìlú wa kéékèèké, àwọn tí baba wa fi amọ̀ mọ, tí ìyá wa ru omi sí, tí a sì ń wó lulẹ̀ nísinsìnyí bí ẹni pé wọn kò ní láárí mọ́.

Bí ó ti máa ń rí ni pé ìjọ a pọ̀ sí i, ilé a há. Wọn a dá owó jọ, wọn a pe agbaṣẹ́ṣe, iṣẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí nítorí èyí, nítorí ìjọ tí ó ń dàgbà kò lè máa jókòó sínú oòrùn. Ohun tí kò yé wa ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé orí ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ gan-an ni titun gbọ́dọ̀ dúró lé, nígbà tí ilẹ̀ ìjọ ṣì lọ jàra lẹ́yìn. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kì í wó o. Wọn a fi í sílẹ̀ fún ikán àti ewúrẹ́, títí òjò yóò fi bá wọn parí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ó yẹ kí ọ̀ràn yìí kọ́kọ́ dùn. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa, ilé kan ṣoṣo ni ilé ìjọsìn àti ilé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, orin ni a ń kọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ a tún bẹ́ǹṣì tò, tíṣà a gbé pátákó rẹ̀ dúró, a-b-d a sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 17, 1955, tí iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ré kọjá 800,000 ní ọdún náà, orí ohun tí irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ti fi lélẹ̀ ni a gbé iṣẹ́ ńlá náà kà. Mùsùlùmí tí ó kọ́ ìwé kíkà lábẹ́ òrùlé wọn kò kéré níye. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ọ̀ràn ìjọ kan lásán ni.

Àpẹẹrẹ rere kò jìnnà sí wa. Ní Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. kọ́ parí ní 1845, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ṣì dúró. Òtítọ́ ni pé ilé gbígbé ni, kì í ṣe ilé ìjọsìn; ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtọ́jú sọ ọ́ dà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, wọ́n sì ń gbọ́ níbẹ̀ bí Samuel Àjàyí Crowther ti gúnlẹ̀ sí etí òkun yẹn ní January 1845, kí ó tó gba Abẹ́òkúta lọ ní ọdún kejì. Bí wọ́n bá ti wó o láti fi kọ́ ilé alágbàlá ńlá kan, kí ni olùkọ́ ìbá máa fi ìka tọ́ka sí?

Àwọn tí wọ́n mú ẹ̀sìn náà wá fún wa pàápàá ti kan ìṣòro yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùjọsìn dínkù, ilé ìjọsìn sì pọ̀ jù. Ní 1968 ni wọ́n ṣe òfin lórí àwọn ilé tí a kò lò mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn tí ó níyelórí jù lọ nínú wọn, iye àwọn tí ó sì wà lábẹ́ ìtọ́jú náà lónìí lé ní 350. Ọ̀kan nínú wọn ni St Peter's ní Sudbury, ìlú kékeré kan ní Suffolk, tí ó dúró sí àárín ọjà gan-an. Ilé náà ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí ìsìn ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ dáwọ́ dúró níbẹ̀, wọn kò ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n sọ ọ́ di ibi eré orin, ibi ìpàdé àti ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà. Àwọn ilé mìíràn ní ilẹ̀ náà ni àwọn ìjọ tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ti rà, tí a sì ń kọ orin Yorùbá nínú wọn. Ẹ kò rí i bí ayé ti yípo!

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ wá lára jù lọ wà ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil. Ní ìlú Salvador, ilé ìjọsìn àwọn Kátólíìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Barroquinha. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú láti Kétu àti àwọn ìlú mìíràn ti ń pé jọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ìjọ, ìtàn sì sọ pé ní ìtòsí ilé náà ni àwọn obìnrin akíkanjú, tí Ìyá Nasò wà lára wọn, ti fìdí ilé òrìṣà kan múlẹ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọkà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Boa Morte, tí ó wà ní ìlú kékeré Cachoeira títí di òní, ibẹ̀ náà ni a gbọ́ pé ó ti ṣẹ̀. Ní 1984, iná jó Barroquinha, ògiri nìkan ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kù. Wọn kò torí èyí fi katakata tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. Wọ́n tún un ṣe, nígbà tí ó sì di 2009 wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí gbọ̀ngàn àṣà, tí wọ́n ń ṣe eré tíátà àti orin nínú rẹ̀. Àwọn tí a kó lọ ní ẹ̀wọ̀n lọ́rùn rí ogiri fi ṣe ẹ̀rí; àwa tí a wà nílé ni a ń fọ́ tiwa fún òkúta ìpìlẹ̀.

Kí a má sì rò pé ìwé ìjọba nìkan tó láti gba ilé là. Ilé Ìlọ́jọ̀, tí àwọn Àgùdà ìdílé Fernandez kọ́ ní Ìta Tinúubú ní Èkó ní 1855, ni ìjọba ti kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ ní September 2016, wọ́n wó o ní ọ̀sán gangan. Àgbà kò ha sí lọ́jà ní ọjọ́ náà bí?

Àwọn kan yóò wí pé ibi mímọ́ ni ilé ìjọsìn, pé kò tọ́ kí a máa ṣe ìpàdé ìlú tàbí eré níbi tí a ti jẹ oúnjẹ Olúwa. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ ni kì í sọ nǹkan kan nígbà tí ewúrẹ́ bá ń bímọ sídìí pẹpẹ. Ìjọ ni ó ni ilé; kí ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tí a lè ṣe níbẹ̀ àti èyí tí a kò gbọdọ̀ ṣe, kí gbogbo ìlú sì pa á mọ́. Ní tiwa, ilé ìkàwé ni ìbá wù wá jù, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú wa ni ọmọ tí ó jáde ìwé mẹ́wàá kò ti rí ibi kan tí ó lè jókòó kàwé lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti túká. Ibi tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ó di ibi tí a ó kó ìwé ìrìbọmi, àwòrán àti agogo àtijọ́ pamọ́ sí.

Ọ̀ràn owó ni wọn yóò mú dá wa lóhùn, a sì mọ̀ pé owó kò sí nílẹ̀ bí iyanrìn. Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ fún kò tóbi. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá kọ iye tí yóò gbà fún ilé titun wá, kí wọn béèrè lọ́wọ́ káfíńtà àti bíríkìlà ìlú wọn pẹ̀lú iye tí yóò jẹ́ láti pààrọ̀ páànù ilé àtijọ́, láti lé ikán kúrò lára igi àjà, àti láti rẹ́ ògiri níbi tí ó ti sán. Kí wọn sì ka iye méjèèjì sí etí gbogbo ìjọ ní ọjọ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù.