Aago Èbúté, Aago Odò

Lọ́dún tí Màámi pé àádọ́rin ọdún, àwa ọmọ wọn tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù dáwó jọ, a sì gba yàrá nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tí ń ṣí ní Southampton lọ sí Sípéènì. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ṣe kedere: kí a dé èbúté láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan ọ̀sán; aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ yóò ṣí. Mo kà á sétí Màámi. Wọ́n ní, "Aago kan ọ̀sán kẹ̀? Ìgbà yẹn lèmi ń múra àtipadà sílé." Nígbà tó di aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Màámi ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n sì ti jókòó ti àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá débẹ̀ láago mẹ́jọ, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún wa." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí Màámi ti kọ́ ìṣirò tiwọn, òótọ́ sì ni tiwọn náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé, ìgbà wo gan-an ló yẹ kí èèyàn dé etí omi, ta ló sì yẹ kó dá ìgbà náà?

Ọgbọ̀n ọdún ni Màámi fi ṣòwò iṣu àti gàrí ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya ti pàdé Odò Bẹ́núè. Ìlú wà ní apá ìwọ̀-oòrùn omi. Shintaku, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bassa, wà lódìkejì. Ẹni tó ń lọ sí Dekina tàbí Anyigba, tí kò sì fẹ́ gba Ajaokuta lọ yí po lórí afárá Itobe, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Ọkọ̀ onígi gígùn ni, ẹ́ńjìnnì kan wà nídìí rẹ̀, pákó tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ sì ni ìjókòó. Òwórò, Tápà, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Bassa, orí pákó kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí, pẹ̀lú ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn àti ọ̀kadà tí wọ́n gbé síwájú.

Ọkọ̀ yẹn kò ní aago. Bó bá kún, ó lọ. Bí kò bá kún, ó dúró. Ẹni tó kọ́kọ́ dé lè jókòó sínú oòrùn fún wákàtí méjì, kí ẹni tó dé kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ wọlé, kí ọkọ̀ sì ṣí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó tètè jí ló ń san gbèsè ẹni tó sùn. Síbẹ̀, Màámi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn nílé. Mo béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìgbà tí màá lọ ni mò ń rò, ìgbà tí màá dé ni. Ọkọ̀ àárọ̀ lè dúró pẹ́ títí, ojúmọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ò lè dúró. Òkùnkùn ń lé e bọ̀." Àtẹ̀yìnwá ni Màámi ti ń ṣírò ọjọ́: wọ́n á mú ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n á yọ wákàtí ọjà kúrò, wọ́n á yọ wákàtí ìdúró kúrò. Ibi tó bá ṣẹ́kù sí ni wọ́n ń jí.

Odò náà kò ka aago lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ka oṣù. Àwọn òyìnbó tó ń gbé ọkọ̀ onístíìmù wọ̀ ọ́ láyé ọjọ́un ní láti dúró de ìgbà tí omi bá kún, nítorí tí omi bá fà, orí iyanrìn ni ọkọ̀ wọn yóò jókòó sí. Oṣù kẹjọ ọdún 1841 ni ọkọ̀ Albert, Wilberforce àti Soudan wọ odò. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, bá wọn lọ. Wọ́n dá oko sílẹ̀ ní ìpàdé odò méjèèjì, ṣùgbọ́n ibà pa àwọn òyìnbó tó ju 40 lọ, oko náà sì túká. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie darí fọ́ mọ́ òkúta nítòsí Jẹ́bà. Bí ọdún kan ni àwọn tó yè fi pàgọ́ sétí odò kí ọkọ̀ Sunbeam tó wá gbé wọn. Baikie yìí kan náà ló wá fìdí kalẹ̀ sí Lọ́kọ́jà. Lórí Odò Ọya láyé ìgbà náà, ẹni tí omi ọdún yìí bá fò dá, omi èèmíì ló kù tí yóò máa wò.

Àwọn bàbá wa tó wá kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Láti 1951 ni ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ti ń ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó, bí ọjọ́ mẹ́tàlá lórí òkun. Ní 1972 ó kúrò ní Liverpool bọ́ sí Southampton, ní 1974 ó sì ṣíwọ́. Ẹni tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ ní Apapa mọ̀ pé òmíràn kò sí lọ́la. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè kò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ ìrìn-àjò wọ Èkó.

Ní Southampton òde òní, iye èrò ló fa sábàbí aago. Ọkọ̀ ńlá kan lè kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń wọlé gan-an ni àwọn tó ti ìrìn-àjò dé ń sọ̀kalẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n ní láti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kí wọ́n gbá yàrá, kí wọ́n kó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín èrò sí ààbọ̀ wákàtí, ààbọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá tètè dé jù, òde ni yóò dúró sí. Ẹni tó bá sì pẹ́ jù, ẹnu ọ̀nà sábà máa ń tì ní wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ká yín mọ́ ojú ọ̀nà M3.

Bí a ṣe parí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ni pé a pàdé láàárín méjì. A dé Southampton ní aago mẹ́wàá, a jókòó sí Mayflower Park, níbi tí èèyàn ti ń wo ọkọ̀, a sì jẹ mọ́ínmọ́ín tí Màámi dì láti ilé. Aago méjìlá ààbọ̀ lù, a wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé tí Màámi mú dání gba àkókò ju tiwa lọ: wọ́n yẹ ìwé àṣẹ Schengen wò, wọ́n yẹ èyí tí yóò mú wọn padà wọ Bìrìtìkó wò, wọ́n tún pe ọ̀gá. Ká ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn la dé ni, ojú ì bá pọ́n wa.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ fi ilé wé òkè òkun kí n lè tẹ́ńbẹ́lú ilé. Ohun kan wà létí odò wa tí mi ò rí rí ní Southampton. Mo wà nínú ọkọ̀ Shintaku lọ́jọ́ kan, a ti kúrò ní bèbè, nígbà tí obìnrin kan tó pọn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sáré dé. Bàbá ọlọ́kọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni, ó yí orí ọkọ̀ padà. Kò sí èrò kan tó kùn. Ọkọ̀ tó ń dúró de èrò lè dúró de aláìsàn pẹ̀lú. Ìdúró náà sì ní ìdí: bí èrò bá kún, owó epo yóò pín kiri, owó ọkọ̀ kò ní wọ́n jù fún ẹni tó ń ta ata.

Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn kan náà ló ń ti ọkọ̀ sínú òru. Ọlọ́kọ̀ tí èrò rẹ̀ kò pé títí di aago mẹ́rin ń wá ẹni méjì sí i, lẹ́yìn náà ẹni márùn-ún, nígbà tó bá sì máa fi ṣí, ọkọ̀ ti wúwo, ojú sì ti ń ṣú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní agbègbè Pàtígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó lọ sí ìgbéyàwó padà sílé lóru dànù sínú Odò Ọya yìí kan náà. Àwọn tó kú lé ní 100. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ tó kó àwọn oníṣòwò láti ìpínlẹ̀ Kogí lọ sí ọjà Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger rì. Obìnrin ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn. Irú Màámi ni wọ́n.

Lọ́kọ́jà ni olú ilé-iṣẹ́ NIWA wà, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1997 láti máa bójú tó odò wa. Àjọ náà ti fòfin de ìrìn òru, ó sì ti ní kí olúkúlùkù èrò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Òfin dára. Àmọ́ bí ọkọ̀ kò bá ní aago, àárín gbèsè àti òfin ni ọlọ́kọ̀ yóò wà tí oòrùn bá ń wọ̀, èrò tó sì ti jókòó fún wákàtí mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àárọ̀ la ti ń lé òru sẹ́yìn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí wọ́n kọ aago sára pátákó ní èbúté: ọkọ̀ aago méje àárọ̀, ọkọ̀ ọ̀sán, ọkọ̀ aago mẹ́rin tí ń bẹ lẹ́yìn gbogbo wọn. Bí aago bá lù, kí ọkọ̀ lọ, bí ìdajì ìjókòó tilẹ̀ ṣófo. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ san owó ìjókòó tó ṣófo nínú ọkọ̀ ìkẹyìn, kó má bàa jẹ́ pé ọlọ́kọ̀ ni yóò jẹ gbèsè nítorí pé ó pa òfin mọ́. Kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e nítorí ìyá tó gbé ọmọ aláìsàn, kí àánú wa má bàa bá ìdúró wa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti òkè òkun lọ sílé, tí ẹ bá dé Lọ́kọ́jà lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹ sùn sí ìlú. Ará òdìkejì yóò dúró dè yín di ọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ gbé òbí yín wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ti Àbújá tàbí Èkó fò wọlé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń ṣí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn sí ìlú èbúté, kí ìwé ìrìnnà àti oògùn wọn sì wà nínú báàgì ọwọ́, nítorí àpótí ńlá yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kí ọkọ̀ wa tó ṣí ní Southampton lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pe gbogbo èrò láti wá wo ohun tí a ó ṣe bí ewu bá dé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Costa Concordia dojú dé ní Ítálì ní oṣù kìíní ọdún 2012, tí èèyàn 32 kú, ni òfin àgbáyé fi le ọ̀rọ̀ yìí sí i. Òṣìṣẹ́ kan fi láìfù jákẹ́ẹ̀tì hàn wá. Màámi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan okùn rẹ̀, wọ́n yẹ ìdè rẹ̀ wò, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ṣé tèmi nìkan wà ní yàrá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, tiyín nìkan."

Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọdún." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gba ojú fèrèsé wo ìta, oòrùn ṣì wà lókè omi. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n sì tú gèlè wọn.