Ta Ló Ni Ẹjọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣ'ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára. Láti ọdún 1962 ni ìjọba Nọ́wè, Swídìn, Dẹ́nmáàkì, Fínláǹdì àti Áísìláǹdì ti pawọ́ pọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ìwà ọ̀daràn.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn onímọ̀ wọn ni Nils Christie, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oslo, tó di olóògbé ní 2015. Nínú àròkọ rẹ̀ kan tó jáde ní 1977, abúlé kan ní agbègbè Arusha, ní Tànsáníà, ló ti mú àpẹẹrẹ. Ọkùnrin kan ń béèrè ohun tó ti ná lé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló wà láàárín agbo, tẹbí-tọ̀rẹ́ yí wọn ká, ará abúlé ń dá sí ọ̀rọ̀ náà; àwọn adájọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Christie ní ní ilẹ̀ tòun, lọ́yà àti ìjọba ti gba ẹjọ́ mọ́ ẹlẹ́jọ́ lọ́wọ́.

Mo gbà fún un, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọmọ kíláàsì mi kan jí owó ìdánwò mi. Wọ́n nà án níwájú gbogbo wa, wọ́n sì lé e lọ. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí tó fi jalè, kò sẹ́ni tó bi èmi náà ní ohun tí mo fẹ́. N kò rí owó náà gbà títí dòní. Bí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá bá jẹ́ àgbà òṣìkà, kí ni ká pe ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni?

Ẹlòmíràn lè sọ pé bí ìyà bá fúyẹ́, olè yóò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo Fínláǹdì. Ní nǹkan bí ọdún 1950, nínú 100,000 ènìyàn ibẹ̀, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n sún mọ́ 200. Ìjọba fetí sí àwọn onímọ̀ bí Inkeri Anttila, wọ́n sì ń dín ẹ̀wọ̀n kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń parí lọ, iye náà kò tó 70 mọ́. Síbẹ̀, bí ìwà ọ̀daràn ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Swídìn, Nọ́wè àti Dẹ́nmáàkì, tí iye ẹlẹ́wọ̀n tiwọn kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Nọ́wè ní tirẹ̀ ṣe òfin ìgbìmọ̀ onílàjà ní 1991: ará ìlú ni onílàjà, iwájú rẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀.

N kò ní ká ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún apànìyàn o. N kò sì ní gbogbo baálé ló ń dájọ́ òdodo; àwọn mìíràn ń ṣègbè. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká ṣe ìwádìí. Ọmọ Nọ́wè wo abúlé Áfíríkà, ó rí ẹ̀kọ́ kọ́. Àwa tí a bí sínú agboolé ń fojú ará oko wo ẹni tó ń parí ìjà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé àti gègé, ká lọ jókòó tì wọ́n, ká kọ èyí tó tọ́ àti èyí tó wọ́ sílẹ̀. Kí a sì rántí láti bi ẹlẹ́jọ́ léèrè.