ÀDÉHÙN ROME ÀTI EPO WA

Ẹ̀yin oníṣòwò ìlú wa, ọ̀ràn kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ní ọjọ́ 25 oṣù March, ọdún 1957, ìjọba mẹ́fà ti Ìlú Òyìnbó fọwọ́ sí ìwé ní Rome láti sọ ọjà wọn di ọ̀kan. Faransé kò gbà àfi bí a bá ka àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe so Dàhómì àti Tógò mọ́ ọn. Ìjọba Aláwọ̀-dúdú kan kò sì fọwọ́ sí ìwé náà. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà, Gẹ̀ẹ́sì kò sì sí nínú àwọn mẹ́fà yìí. Nítorí náà, owó-bodè tí wọ́n ń gbà lórí epo Sákétè ń dínkù títí ó fi tán. Epo Ìlàrò kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni a fi ń ná méjèèjì! Àwa kò fi èyí bú àwọn ará Sákétè.

Ní ọjọ́ 16 oṣù July, 1966, Nàìjíríà nìkan bá wọn ṣe àdéhùn tirẹ̀ ní Èkó, lórí kòkó, epo pupa àti òróró ẹ̀pà. Faransé kò fi òǹtẹ̀ lù ú títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé ní 1969. Ìgbà tí orílẹ̀-èdè 46 fi ohùn ṣọ̀kan, tí Nàìjíríà sì wà lára àwọn aṣáájú wọn, ni a tó rí àdéhùn tí ó múlẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù February, 1975. Lómé ni a ti fọwọ́ sí i, ní ilẹ̀ Tógò kan náà.