Kí Ohùn Àgbà Má Baà Sọnù Nínú Fídíò

Bí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, bá ti dé, olúkúlùkù á na fóònù sókè. Ọ̀rọ̀ fídíò náà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ìdílé kan ní Ajégúnlẹ̀ gbé fídíò ọdún wọn wá bá mi lẹ́yìn tí bàbá wọn papò dà. Wọ́n ní kí n bá àwọn yọ ibi tí Bàbá ti ki oríkì orílé wọn. Fídíò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Owó níná pọ̀ níbẹ̀, aṣọ ẹbí náà pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni Bàbá fi sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Tírélà tó ń lọ sí Wharf kì í sinmi fèrè fífọn lọ́dọ̀ wa. Ẹ mú àgbà wọ yàrá inú ní ìdájí, ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀, ẹ sún mọ́ ọn tó ìwọ̀n apá kan. Bẹ́ ẹ bá ní máìkì kékeré, ẹ fi há a láṣọ. Ẹ gbọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó dìde níbẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀yìn àgbà sí fèrèsé, ojú rẹ̀ á dúdú. Ojú rẹ̀ ni kó kọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì mú un, kí ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹ má máa jù ú kiri bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ ya gbogbo ilé, ẹ ya ojú, ẹ ya ọwọ́ tó ń tẹ ọpọ́n. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó kéré tán. Kí àgbà kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, ọjọ́, ilé àti àwọn tó wà níbẹ̀.

Àmọ́ o, ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, kámẹ́rà pàápàá ọ̀gbẹ̀rì ni. Ẹ bi Olúwo tàbí Ìyálórìṣà léèrè kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Fídíò tó bá ti bọ́ sórí WhatsApp kò ṣeé kó padà mọ́.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ pa èyí tí kò dáa rẹ́. Ẹ fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ ṣáájú orúkọ fídíò, bíi 2025-08-20-Ajegunle-Oriki-Baba. Fúnra wọn ni wọ́n á tò tẹ̀léra. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ní: ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan nínú hard disk, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí tó wà nílùú mìíràn. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó má ríran dáadáa mọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Afẹ́fẹ́ òkun ní ọ̀rinrin, nítorí náà ẹ fi hard disk sínú ike tó dé pinpin, pẹ̀lú àpò kékeré afamira tó máa ń wà nínú páálí bàtà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì VHS, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, dáwọ́ dúró lóṣù keje 2016. Kásẹ́ẹ̀tì ń hu ewú, ẹ̀rọ náà sì ń wọ́n.

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá mọ́ àjogúnbá àtẹnudẹ́nu tó níyì jù láyé. Oríkì ilé yín kò sí nínú ìkéde yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú àgbà kan jókòó kí ọdún tó dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà wa á pẹ́ fún wa o. Àṣẹ.